Ẹ̀dínwó Ilé Ìsinmi àti Káàdì Gbèsè



Lẹ́yìn Iléyá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Akute níhìn-ín fi iṣẹ́ tí ilé ìfowópamọ́ kan rán sórí fóònù rẹ̀ hàn mí. Bí ó bá gba káàdì gbèsè wọn, tí ó sì fi san owó ilé tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbà ní Badagry fún ìsinmi, wọn yóò yọ náírà 10 nínú 100 fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ó burú nínú ẹ̀dínwó?"

Kò sí ohun tí ó burú nínú ẹ̀dínwó. Inú ìwé tí a ń fi ọwọ́ sí kí a tó gba káàdì ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí káàdì rẹ̀ ń fa owó tí òun fúnra rẹ̀ ti fi pamọ́ kò jẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n owó ilé ìfowópamọ́ ni oníkáàdì gbèsè ń ná. Bí ọjọ́ àdéhùn bá kọjá tí kò tíì san án tán, èlé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí owó ilé bá jẹ́ 200,000 náírà, ẹ̀dínwó jẹ́ 20,000, gbèsè di 180,000. Bí èlé bá jẹ́ náírà 4 lórí 100 lóṣooṣù, 7,200 ni lóṣù kan. Lóṣù mẹ́ta ó di 21,600. Ẹ̀dínwó ti wọlé èlé lọ, gbèsè sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀dọ́ yìí ní òun yóò san án kí ọjọ́ tó pé. Àwọn onímọ̀ kan gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyè. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ onímọ̀ Fíkíhì àgbáyé tí ó fi Jeddah ṣe ibùjókòó pàdé ní Riyadh ní ọdún 2000, wọ́n sì ní kò tọ́ láti gba káàdì tí èlé wà nínú àdéhùn rẹ̀, bí ẹni náà tilẹ̀ pinnu láti san án lásìkò. Èmi fara mọ́ tiwọn. Ẹni tí ó fi ọwọ́ sí èlé ti gbà á, ẹni tí ó sì mọ ohun tí Súrátù Bákárà sọ láti áyà 275 dé 279 kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní Muscat ní 2004, ìgbìmọ̀ kan náà ní ẹ̀dínwó tí ó bá káàdì owó ẹni rìn tọ́. Nítorí náà, ẹ bi báńkì yín bóyá káàdì tí ẹ ní lọ́wọ́ ní ẹ̀dínwó.

Bí kò bá sí, ọ̀nà ṣì pọ̀. Ẹ má lọ ní Dìsẹ́ńbà, nígbà tí àwọn ará òkè òkun ti gbówó ilé lérí. Bí ènìyàn 10 bá ń dá 2,000 náírà lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 10 ni 200,000 yóò pé, gbogbo owó náà yóò sì wà lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń bá onílé dúnàá dúrà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti rí ẹni mẹ́sàn-án kó jọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí tí wọ́n ti ń dá owó.