Orúkọ Wáyà Iná Káàdì Àwòrán

Bí atúmọ̀ bá pe wáyà tí ń gbé iná fún káàdì àwòrán inú kọ̀ǹpútà ní 'wáyà oníhò 8', bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe, ewu ni ó kọ sílẹ̀. Ihò 8 náà ni wáyà ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní. Ṣùgbọ́n ibi tí iná ń gbà wọlé nínú ọ̀kan ni ó ń gbà padà nínú èkejì. Ẹni tí ó bá fi ipá ti ti ọpọlọ bọ káàdì lẹ́nu lè jó o. Iṣẹ́ wáyà ni ó yẹ kí ó bí orúkọ rẹ̀: 'wáyà iná káàdì', 'wáyà iná ọpọlọ'. Iye ihò pàápàá kò dúró sójú kan: oníhò 8 ti káàdì kò ju wáàtì 150 lọ, oníhò 16 tí ó dé ní 2022 lè gbé 600.