Ẹ Má Da Májèlé Sórí Ọ̀pẹ

Ẹ̀yin ará Ìlá Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti gbogbo Ìgbómìnà Ọ̀ṣun, pàápàá ẹ̀yin adẹ́mu, ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ wa ni mo bá wá.

Bí màrìwò bá tẹ̀, tí omi pupa tó ń rùn bí ẹmu kíkan ń sun lára igi, ẹ fi etí lé ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń rún igi nínú, ìtun, ìdin tó ń jẹ inú ọ̀pẹ, ti wọlé. Ojú ibi tí àdá wa ti kan ọ̀pẹ ni ìyá ìtun ń yé ẹyin sí. Òórùn ẹmu ló ń pè é wá.

Àwọn kan á ní oògùn apakòkòrò ni kí a rọ sínú ihò náà. Háà! Igi tí à ń mu omi ara rẹ̀ láàárọ̀, tí à ń yan ìtun inú rẹ̀ jẹ?

Ohun mìíràn wà tó lè bá wa pa ìtun: aràn tín-ín-tín kan wà nínú ilẹ̀, tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Nẹ́mátóòdù ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe irú èyí tó ń ba iṣu jẹ́. Ẹnu kòkòrò, ihò ìdí rẹ̀ tàbí ihò tó fi ń mí ló ń gbà wọlé. Á tú baktéríà tó gbé sínú sílẹ̀, kòkòrò á kú láàárín bí ọjọ́ méjì, aràn á wá máa bí sí i nínú òkú rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ní Spain, wọ́n ti lò ó fún ìbátan ìtun tó ń pa ọ̀pẹ wọn. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Abomey-Calavi, lórílẹ̀-èdè Benin tó múlé tì wá, ti wá a rí nínú ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ti dán an wò lára ikán. Lọ́dún 2012 ni ìwádìí jáde pé ó wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà náà.

Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pò ó mọ́ omi rọ sínú ihò. Igi tí ìtun bá sì ti jẹ orí rẹ̀ tán, aràn kankan ò lè jí i.

Ẹ jẹ́ ká béèrè fún un. Ẹ bá òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni Ìlá, ẹ kọ̀wé sí NIFOR lẹ́bàá ìlú Ìbìní, tó ti ń ṣèwádìí ọ̀pẹ láti 1939, kí wọ́n wá dán an wò lóko wa.

Kí wọ́n tó dé, ọ̀pẹ tí ẹ bá gé, ẹ má fi ìtì rẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó. Ẹ là á, ẹ kó ìtun inú rẹ̀, ẹ yan án jẹ. Èyí tó bá wọ ikùn yín ò tún ní yé ẹyin mọ́. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ti da oògùn sí igi náà, ẹ má fi ìtun inú rẹ̀ kan ẹnu.