Ìṣirò Ẹgbẹ́ Kò Gbọdọ̀ Bá Kọ̀ǹpútà Lọ

Ẹni tó bá ta omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti gbogbo alájọ tó ti kó ìwé owó wọn sínú kọ̀ǹpútà.

Níbi púpọ̀, Excel ni akọ̀wé ń lò. Akọ̀wé tó bá já fáfá kì í ṣírò èlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Á kọ àṣẹ sínú rẹ̀ pé kó máa ṣe é fúnra rẹ̀: ta ló dá iye, ta ló yá iye, èrè mélòó ló kan oníkálukú. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní macro. Láti 1993 ni wọ́n ti ń fi èdè VBA kọ ọ́ nínú Excel. Akọ̀wé á tẹ bọ́tìnnì kan, iṣẹ́ á parí.

Ṣùgbọ́n ibi tí wàhálà wà rèé. Inú fáìlì kan náà tí owó wà ni àṣẹ náà ń gbé. Ó dà bíi télọ̀ tó rán pátánì rẹ̀ mọ́ inú aṣọ oníbàárà. Ọjọ́ tí aṣọ bá jóná, pátánì bá a lọ nìyẹn.

Kì í sì í ṣe iná tàbí olè nìkan. Láti 2007, .xlsm ló sábà máa ń gbẹ̀yìn orúkọ fáìlì tó ní macro. Èyí tó bá jẹ́ .xlsx kì í gba macro rárá. Bí akọ̀wé bá fẹ́ tọ́jú fáìlì náà sí .xlsx, Excel á kìlọ̀ fún un. Tó bá kánjú tẹ "Yes", owó nìkan ló máa wà nínú ẹ̀dà tuntun yẹn. Tó bá wá pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, tó rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ó parí.

Kí ni ṣíṣe? Kó yọ pátánì kúrò nínú aṣọ. Kó ṣí fáìlì, kó tẹ Alt pọ̀ mọ́ F11. Ibi tí àṣẹ wà á yọ síta. Kó mú module tó fẹ́, kó tẹ "File", kó tẹ "Export File". Kọ̀ǹpútà á kọ àṣẹ náà sí fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, tí .bas gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀. Notepad lè ṣí i, wọ́n sì lè tẹ̀ ẹ́ síwèé. Lọ́jọ́ ìṣòro, "Import File" ni wọ́n á fi dá a padà. Module kọ̀ọ̀kan ni kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún o, kì í ṣe ẹyọ kan.

Àǹfààní kejì wá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kó kọ déètì mọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kó má fi tuntun bo ti àtijọ́. Ká ní èlé tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ni 5 nínú 100, tí ẹnì kan wá yí i sí 6 nínú àṣẹ. Ta ló máa tètè rí i? Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé fáìlì ti oṣù yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù tó kọjá, ìlà tó yàtọ̀ á hàn gbangba. Git, tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní 2005, ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Á sọ ìlà tó yí, ọjọ́ tó yí, àti orúkọ tó wà lára rẹ̀.

Ẹ rántí pé àṣẹ nìkan ló wà nínú .bas, kò sí owó níbẹ̀. Fáìlì owó náà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà tirẹ̀. Kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ọ̀kan wà nínú fíláàṣì lọ́wọ́ akápò.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ kọ̀ǹpútà lò kẹ́ ẹ tó béèrè. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ bi í pé: "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, àṣẹ tó ń ṣírò owó wa, ibo ni ẹ̀dà rẹ̀ wà? Déètì wo ló wà lára rẹ̀?" Tó bá ń wòkè wòlẹ̀, ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ wà. Owó òógùn ni o. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn.