Àlejò Orí Àga Ìwàásù

Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní, ọdún 2014, akẹ́kọ̀ọ́ bí i 100 jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìsìn kọ́lẹ́ẹ̀jì Wheaton ní Illinois, ní Amẹ́ríkà. Rosaria Butterfield ni àlejò ọjọ́ náà, ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan rí, ẹni tí ó kọ ìfẹ́ obìnrin sí obìnrin sílẹ̀ nígbà tí ó di onígbàgbọ́.

Àwọn kan yóò pe ìjókòó yẹn ní àfojúdi sí àlejò. N kò gbà. Àwọn ọmọ náà kò ní kí ó má sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kì í ṣe òun nìkan ni ó ní ìtàn. Dandan sì ni ìsìn níbẹ̀. Ẹni tí a fi dandan mú jókòó, tí kò sí àyè ìbéèrè fún un, níbo ni yóò ti fèsì? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. (Jonathan Blanchard, tí ó kọ́kọ́ darí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní 1860, ògbóǹtarìgì alátakò òwò ẹrú ni òun náà!)

Àlejò fúnra rẹ̀ jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Kí ló dé tí àwọn aláṣẹ kò tẹ́ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ sínú ilé ìsìn láti ìbẹ̀rẹ̀?