Ìdánwò rédíò l'Amẹ́ríkà: Ẹni tó há ìdáhùn sórí lè yege, ṣé ó mọ iṣẹ́?

Ìbéèrè 35 péré ló wà nínú ìdánwò Technician, ìyẹn ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ fún àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ l'Amẹ́ríkà láìgba owó. Ẹni tó bá gba 26 ti yege. Kò sì sí àṣírí kankan níbẹ̀, nítorí pé gbogbo ìbéèrè náà, tó lé ní 400, pẹ̀lú ìdáhùn wọn ni wọ́n ti gbé jáde fún ẹni tó bá fẹ́ kà. Láti 1991 ni wọn kò ti béèrè Morse lọ́wọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó há ìdáhùn sórí lè yege láìmọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà ẹ́ríà mọ́ rédíò. Bẹ́ẹ̀, ìwé àṣẹ kékeré yìí fún un láyè láti lo agbára tó tó wátì 1,500 lórí ìgbì VHF àti UHF, èyí tó lè jó èèyàn lára. Nígbà tí ìjì Maria ba Puerto Rico jẹ́ lọ́dún 2017, tí fóònù kú, àwọn oní rédíò bẹ́ẹ̀ ni Red Cross ránṣẹ́ pè. Wọn kò pe ẹni tó kàn mọ A, B, D.

Ó ṣe tán, oní rédíò ni àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà fúnra wọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe é. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ jókòó tì wọ́n nídìí ẹ̀rọ kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.