Odò Kékeré Kì Í Ṣe Ààtàn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Ọ̀rọ̀ àwọn odò kéékèèké ẹ̀yìn ilé wa ni, àwọn tí a ń fẹsẹ̀ là kọjá lọ sóko, tí a kò kà sí nǹkan kan. A ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ilé ti ń sún mọ́ wọn, wọ́n sì ti ń gé ilẹ̀ etí odò tà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí odò jẹ́. Orí ilẹ̀ pupa ni púpọ̀ nínú wa ń gbé. Ilẹ̀ yìí ní iyanrìn nínú, ó máa ń mu omi òjò. Omi náà á rọra máa lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi kan amọ̀ tí kò gbà á láyè mọ́, á yà sí ẹ̀gbẹ́, á sì sun jáde ní ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ibẹ̀ ni orísun. Ìdí nìyẹn tí odò mìíràn fi ń ṣàn nínú ọyẹ́, nígbà tí òjò ti dá. Òjò àná kọ́ ló ń ṣàn nígbà yẹn o, òjò tí ilẹ̀ ti mu pamọ́ ni. Ti ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí yàtọ̀, ibi tí àwọn Pọtogí sọ ní Lama, èyí tó túmọ̀ sí ẹrẹ̀. Amọ̀ ibẹ̀ kì í mu omi bẹ́ẹ̀, ojú ilẹ̀ ni omi ń dúró sí.

Wàyí o, tí a bá kọ́lé kún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, tí a kan páànù, tí ilẹ̀ àgbàlá le gbagidi, tí a sì gé igi, òjò kò ráyè wọlẹ̀ mọ́. Yóò ya wọ inú odò lẹ́ẹ̀kan náà, odò á sì kún wọlé. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní sí omi nínú ilẹ̀ tí yóò sun jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀tọ̀ ni àgbàrá, ọ̀tọ̀ ni ọ̀gbẹlẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wọn.

Igi etí odò náà kì í ṣe igbó lásán. Gbòǹgbò ọparun àti ògùrọ̀ ló di iyanrìn mú kí etí odò má baà ya. Òjìji wọn ló ń mú omi tutù. Ewé tó ń já bọ́ ni oúnjẹ edé àti kòkòrò omi, àwọn yẹn sì ni oúnjẹ ẹja. Ẹja kéékèèké ń jẹ ìdin ẹ̀fọn. Bí a bá wá fi ọ̀rá dí odò, tí omi dúró sójú kan, tí ẹja kú tán, ẹ̀fọn ló kù, ibà ló sì ń tẹ̀ lé e. Láti ọdún 2017 ni òfin orílẹ̀-èdè wa ti ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ọjà kí ẹ rí i bóyá òfin náà ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa, kó má dun ẹnikẹ́ni. Kí ló dé tí a fi ń fún omi inú ẹ̀gẹ́ dànù kí a tó yan gàrí? Nítorí pé májèlé wà nínú rẹ̀ ni. Omi tí a kò fẹ́ nínú ikùn ọmọ wa ni a ń dà sínú odò tí ọmọ náà ń wẹ̀. Ìdọ̀tí ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹpo ńkọ́? Bó bá wọ odò, ó ń run atẹ́gùn tí ẹja ń mí sínú omi. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fín oògùn kòríkò, odò kan náà ni wọ́n ti ń fọ agolo ẹ̀yìn wọn. Ẹni tó ń pọn omi nísàlẹ̀ kò mọ ẹni tó fọ agolo lókè.

Bí ẹnì kan bá sọ pé odò kékeré kò lè ṣe nǹkan kan, kí ó béèrè lọ́wọ́ ará Ìbàdàn. Ògùnpa kì í ṣe odò ńlá. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju gọ́tà lọ. Àwọn ènìyàn kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù sí etí rẹ̀, wọ́n sì sọ inú rẹ̀ di ààtàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, omi kò rí ọ̀nà lọ, ó bá gba àárín ilé. Ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tó kú. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, àwọn odò Ìbàdàn tún kún, ó sì tún ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tó bá a rìn. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó àyálò mílíọ̀nù 200 dọ́là kí wọ́n fi tún ọ̀rọ̀ àgbàrá ìlú náà ṣe. Ẹ gbọ́ o: àyálò ni, ọmọ wọn ni yóò san án. Ohun tí ìwọ̀nba ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ létí odò ìbá ti ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń fi gbèsè wá. Àwa náà kò sì jìnnà sí i. Ní ọdún 2010, kómínì 55 nínú 77 tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ ni omíyalé bá jà.

Àpẹẹrẹ rere náà wà. Ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni kí ènìyàn gé igi tàbí pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun. Àwọn ọba àti àwọn àwòrò dúró ti èèwọ̀ náà, igbó sì wà títí dòní, hẹ́kítà 75 lẹ́bàá ìlú, tí UNESCO fi kún ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà lè ju irin lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, lápá Iléṣà, ti sọ omi Ọ̀ṣun di pupa bí ẹrẹ̀. Igbó wà, omi bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé abúlé kan kò lè dá odò ṣọ́. Orísun dé ìsàlẹ̀, odò kan ni.

A mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, “Ilẹ̀ bàbá mi ni, òun nìkan ni mo ní.” Òótọ́ ni, a kò sì wá láti gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Gbin gbọ̀ọ̀rọ̀ síbẹ̀, gbin tẹ̀tẹ̀, gbin ilá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí a ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o má kọ́lé síbẹ̀, kí o má sì tà á fún àlejò tí kò mọ ibi tí omi ń dé. Àlejò yẹn lomi máa bá nílé, ìwọ ni yóò sì ṣépè fún.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń béèrè. Àkọ́kọ́, kí àwọn ìjòyè àti délégé pe àwọn àgbàlagbà abúlé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ibi tí odò kún dé jù lọ rí hàn, kí a gbin igi sí ààlà náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ìwé títà ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú ààlà pátápátá, kí ìlú wá ibòmíràn fún un tí yóò kọ́lé sí. Ìkejì, kí kómínì bá àwọn ìyá tó ń yan gàrí àti àwọn tó ń fọ ẹpo gbẹ́ kòtò sí ibi tó jìnnà sódò. Kí a má lé wọn o. Iṣẹ́ wọn ló ń bọ́ wa, kò sì yẹ kí wọ́n dá ru ìnáwó náà. Ìkẹta, kí ó di èèwọ̀ láti fọ agolo oògùn lódò. Ìkẹrin, kí àwọn abúlé tó wà lórí odò kan náà máa jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò oṣù kẹta tó bẹ̀rẹ̀, ará òkè pẹ̀lú ará ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin mẹ́ẹ̀rì àti àwọn kọ́ńsẹ́yé wa, òfin omi ti wà ní Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 2010. Ẹ mú un wá sí abúlé, kí ẹ sì kọ odò wa sínú ètò ìdàgbàsókè kómínì. Ẹni tó bá tún wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa, ohun tí a máa kọ́kọ́ bi í nìyẹn: kí lo ṣe sí odò?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà wa, ojú yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ pe ìpàdé, a ó wá.