Ọmọ Tí Ó Gbé Oògùn Ìrora Mì Kọjá Ìwọ̀n



Oògùn parasitámọ́ọ̀lù tí a ń lò sí ẹ̀fọ́rí àti ibà kò ṣòro láti rí. Ó wà nínú àpótí ìyá, ó sì wà lórí àtẹ. Nítorí pé a mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, a kì í bẹ̀rù rẹ̀. Bí a bá lò ó níwọ̀n, ire ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́mọdé kan, nínú ìbànújẹ́ tàbí ìbínú, bá gbé púpọ̀ mì, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò bà jẹ́.

Èyí ni ó ń tan òbí jẹ: ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ọmọ náà lè máa rìn, kí ó máa sọ̀rọ̀, kí inú rẹ̀ kàn máa rú díẹ̀. Àwọn ará ilé yóò wí pé, “Ó ti bọ́.” Kò tí ì bọ́. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ìrora yóò dé sí abẹ́ ìhà ọ̀tún, tí ojú yóò sì pọ́n bí ti oníbà pọ́njú-pọ́njú.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró de àmì. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀gànjọ́ òru. Ẹ mú páálí oògùn náà dání, kí ẹ sì sọ iye tí ó lò àti àkókò tí ó lò ó. Ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì: epo tàbí èébì lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Lẹ́yìn wákàtí 4 tí ó ti lò ó, àwọn dókítà lè fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọn oògùn náà. Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ wà, acetylcysteine ni orúkọ rẹ̀, iṣan ni a sábà máa ń fà á sí. Ní ọdún 1979, Dókítà Prescott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh fi hàn pé bí ó bá wọ ara láàárín wákàtí 8, agbára káká ni ẹ̀dọ̀ fi lè bàjẹ́ púpọ̀. Ẹni tí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ náà kò gbọdọ̀ jókòó sílé, nítorí ó ṣì lè ràn án lọ́wọ́.

Ìtìjú ni ó ń mú kí òbí mìíràn fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì ṣe fi í ṣẹ̀sín. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í ní ohun tí ó wúwo lọ́kàn rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà tí ń tọ́jú ọkàn rí i kí ó tó padà sílé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1998 ni òfin ti dín iye tí a lè tà nínú páálí kan kù, ikú irú èyí sì dín kù lẹ́yìn rẹ̀. Ní ilé tiwa, díẹ̀ ni kí a máa rà, kí a sì máa tì í mọ́ inú àpótí.